Àárọ̀ Tí Wọ́n Ra Ọṣẹ Ìyá Sójà Tán

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mo ní láti gun àpótí kí n tó lè yọjú lójú fèrèsé ilé wa ní Pópó Yemọja, ogun abẹ́lé ń jà ní orílẹ̀-èdè yìí. Ẹ̀yin ọmọ òde òní lè máa rò pé ogun tó jìnnà kì í dé ilé ẹni. Ó ń dé o! Bí ọkọ̀ àwọn sójà bá gba Bẹẹrẹ kọjá báyìí, kò sí abiyamọ tí ọkàn rẹ̀ ń balẹ̀. Èmi náà rèé, ẹsẹ̀ mi kì í dúró sójú kan láti kékeré, nítorí náà kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ lágboolé wa tí kò ṣojú mi.

Ìyá kan wà lágboolé náà tó ń po ọṣẹ dúdú. Opó ni, ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fi ta á lọ́rẹ. Ọmọ náà wọṣẹ́ ológun, ni gbogbo wa bá ń pe ìyá ní Ìyá Sójà. Bó bá ti ń ro ọṣẹ lórí iná, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń sọ: "Bó bá ti dé báyìí, ìyàwó ni mo fẹ́ fún un. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ní í kúrò nílé mọ́."

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, sójà méjì wọlé tọ Mọ́gàjí, olórí agboolé wa. Wọn ò pẹ́ rárá. Bí wọ́n ṣe jáde, Mọ́gàjí káwọ́ lérí. Ọmọ Ìyá Sójà ti bógun lọ. Wọn ò tilẹ̀ gbé òkú rẹ̀ wá.

Láyé ìgbà yẹn, ẹnì kan kì í ṣàdéédéé já irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lu ìyá ọlọ́mọ. Ẹbí rẹ̀ tó jù ú lọ ló gbọ́dọ̀ túfọ̀ fún un, kí àwọn àgbà obìnrin sì wà lọ́tùn-ún lósì tí wọn yóò dì í mú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin sì wà lóko. Mọ́gàjí rán ẹnì kan lọ pè é kíákíá, ó ní, "Títí yóò fi dé, ẹni tó bá lanu, èmi àti onítọ̀hún ni." Ó tún ní kí wọ́n má fi ìyá náà sílẹ̀ lóun nìkan, kí ọ̀rọ̀ má lọ ta sí i létí lójú títì.

Háà, ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín! Ta ló lè kàn lọ fìdí kalẹ̀ ti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ láìnídìí? Ìyá mi ló kọ́kọ́ lọ. Ó ní ọṣẹ lòun wá rà. Ó rà á, ó sì jókòó. Ìyàwó Mọ́gàjí náà dé, ọṣẹ ni. Àwọn ará Ìdí Arere tí wọ́n ti gbọ́ ń rọ́ dé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá," wọ́n á ra ọṣẹ, wọ́n á jókòó, wọ́n á dìde, wọ́n á tún jókòó. Kò sẹ́ni tó lè wo ojú rẹ̀. Ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ òjò nínú ọ̀gbẹlẹ̀. Baba aránṣọ kan, ahun paraku, òun náà ra ọṣẹ, kò tiẹ̀ ná an! Inú Ìyá Sójà ń dùn, ó ń bá wọn ṣẹ̀fẹ̀: "Kí ló dé lónìí? Ṣé gbogbo Ìbàdàn ló dọ̀tí ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà gbẹ mọ́ wọn lẹ́nu. Èmi tí mo ti gbọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo wọlé, mo jáde, mo tún wọlé, títí ìyá mi fi já mi léèékánná pé kí n jókòó.

Nígbà tí oòrùn kàn àtàrí, Ìyá Sójà nawọ́ sínú igbá ọṣẹ, kò bá nǹkan kan. Ó wo igbá, ó wá ń wo àwọn oníbàárà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n gbé ọṣẹ lọ́wọ́ tí wọn ò lọ sílé.

Ó ní, "Ẹ ti ra ọṣẹ tán. Kí lẹ tún ń dúró ṣe?"

Ó ti igbá náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Ọmọ mi ni, àbí?"

Ìyàwó Mọ́gàjí bú sẹ́kún. Kí ẹ̀gbọ́n tó ti oko dé, ọ̀rọ̀ ti tú.

N ò lè ròyìn ẹkún ọjọ́ náà. Nígbà tí wọ́n wá ń kí i pé, "Ẹ kú ìrọ́jú, omi ló dànù, agbè ò fọ́," ó gbójú sókè tìbínú-tìbínú: "Omi wo ni kí n tún lọ pọn lọ́jọ́ ogbó mi?" Kò sẹ́ni tó tún dán òwe yẹn wò. Wọ́n kàn jókòó tì í ni, àwọn kan ń lọ, àwọn kan ń bọ̀. Bó bá dìde fùú pé òun ń lọ wo ọkọ̀ sójà ní Bẹẹrẹ, wọn ò ní dá a dúró. Wọ́n á bá a lọ, wọ́n á sì bá a bọ̀, títí ó fi sú òun fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, tí èmi náà ti dìyá ọlọ́mọ, mo bi í bóyá irọ́ àárọ̀ ọjọ́ yẹn ò dùn ún. Ó ní, "Ó dùn mí wọra. Ṣùgbọ́n mo ti rò ó síwá sẹ́yìn. Ọmọ mi ti kú, èmi ṣì ń wá ìyàwó fún un. Ẹ̀yin lẹ bá mi gbé e pamọ́ láàyè di ọ̀sán."

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ogun òkè Ọya pa ọmọ tí obìnrin kan ládùúgbò wa bí, sójà ni. Mo ṣì ń wá bàtà tí mo máa wọ̀ lọ síbẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ pé ìyá rẹ̀ ti mọ̀. Fóònù ló túfọ̀ fún un. Ẹnì kan tí kò mọ̀ ọ́n rí ló gbé fọ́tò ọmọ náà sórí ayélujára, ó kọ "sùn re o" sábẹ́ rẹ̀. Àárín ọjà Oríta-mẹ́rin ni ìyá náà wà, òun nìkan, tí èrò ń gbá a kọjá. Wọ́n ní ayé ti lajú, ìròyìn ń yára. Ta ló ń lé e ná?

Mo lọ bá a nílé, mo jókòó tì í títí ilẹ̀ fi ṣú. Inú ló ń bí mi. Kò sẹ́ni tó bá ìyá yìí gbé ọmọ rẹ̀ pamọ́, kódà fún ìṣẹ́jú kan.