Àwọn Ibùsùn Abẹ́ Omi

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, ẹni tó fún mi ní ọwọ́ tí mo fi ń ya àwòrán, tó sì fún mi ní bàbá tó kọ́ mi ní ìrun kí wọ́n tó mú mi lọ síléèwé. Ohun tó wù Ú ló ń ṣe. Mo dúpẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkàn mi wúwo bí mo ti ń kọ èyí.

Lọ́dún tí mo fẹ́ jáde ní yunifásítì, níbi tí mo ti ń kọ́ iṣẹ́ yíya àwòrán ilé, òtẹ́ẹ̀lì abẹ́ omi ni mo mú ṣe iṣẹ́ àṣekágbá. Ìyá mi, tí wọ́n ń ta aṣọ ní ọjà Aswani, bi mí pé ṣé omi tó ń wọlé bá wa ní Òkòtà nígbà òjò kò tíì tó mi ni. Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wúkọ́. Kíndìnrín wọn ti ń daṣẹ́ sílẹ̀, dókítà sì ti ní ká máa múra ọkàn wa. Ohun tí mo ń tọrọ ni pé kí wọ́n rí iṣẹ́ náà parí.

Orí tábìlì pálọ̀ ni mo ti fi páálí kọ́ òtẹ́ẹ̀lì náà ní kékeré. Àwọn yàrá rẹ̀ ṣe tóóró, torí omi wúwo, ògiri sì gbọ́dọ̀ nípọn. Ní ilé kéwú, àáfà wa kọ́ wa pé kéèyàn fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sùn, kó kọjú sí Gàbàsì bí ẹni ń kírun. Bí mo ṣe to gbogbo ibùsùn inú rẹ̀ nìyẹn, mi ò tiẹ̀ rò ó.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bàbá mi ní kí n ṣí òrùlé rẹ̀ kí àwọn wò ó. Wọ́n wò ó pẹ́.

"Ta ló máa sanwó kó lè sùn sínú sàárè?"

Ìyá mi ní kí wọ́n yé sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi náà ti rí i pé bí a ṣe ń tẹ́ òkú ni mo ṣe to ibùsùn. Mo ní kí wọ́n má bínú, pé màá yí àwọn ibùsùn náà padà.

"Má yọ ara ẹ lẹ́nu, gbogbo wa la máa sùn bẹ́ẹ̀. Ṣáà fi gíláàsì ṣe òrùlé ọ̀kan fún mi. Mo fẹ́ máa mọ ìgbà tílẹ̀ bá mọ́, kí n lè kírun."

Mo gé ike tó mọ́ gaara, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ òkè yàrá tó wà ní igun. Gọ́ọ̀mù rẹ̀ kò tíì gbẹ tí a fi gbé bàbá mi lọ sílé ìwòsàn ní Ìsọlọ̀. Òkú wọn la gbé bọ̀.

Lọ́jọ́ náà gan-an la sin wọ́n. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin la wọ inú sàárè láti tẹ́ wọn. A fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún wọn lélẹ̀, a kọ ojú wọn sí Gàbàsì. Mo ti mọ bí ibẹ̀ ṣe fẹ̀ tó kí n tó wọ̀ ọ́. Pákó la fi bò wọ́n.

Nígbà tí àwọn olùkọ́ mi wá wo iṣẹ́ náà, mo ti yí àwọn ibùsùn padà, àfi ti yàrá bàbá mi. Wọ́n bi mí ní ìdí tí òrùlé yàrá kan ṣoṣo fi mọ́ gaara. Mo ní ẹni tó ni ín ló fẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbà á wọlé.

Orí kọ́bọ́ọ̀dù ìyá mi ló wà báyìí. Eruku ti bo gbogbo rẹ̀, àfi òrùlé yàrá igun yẹn, tí ìyá mi máa ń fi etí ìborùn wọn nù bí wọ́n bá ti kírun àsùbáà tán.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, kí Ọlọ́hun fẹ sàárè àwọn òkú yín, kó tan ìmọ́lẹ̀ sí i, kó sì jẹ́ kí ilẹ̀ máa mọ́ bá yín láyọ̀. Àmín.