Àárò Ilé Lójú Irin Anié

Nígbà tí àwọn Faransé ń la ojú irin kọjá Anié ní ilẹ̀ Tógò lọ sókè, Laurent, ará Glei, ni olórí àwọn tó ń tẹ́ igi sábẹ́ irin. Méjì nínú wọn, Gérard àti Ṣéhù, kò gbọ́ra wọn yé. Bí ọkọ̀ ojú irin bá ti ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí Atakpamé, Gérard á dúró wò ó títí yóò fi wọgbó, igi tí wọ́n jọ ń gbé á wá di ẹrù Ṣéhù nìkan.

Ṣéhù ní, “Ọ̀lẹ ni.”

Laurent bá Gérard wí títí, kò yí padà. Lọ́jọ́ kan ó jókòó tì í nídìí oúnjẹ, ó bi í léèrè ohun tó ń wò.

“Dorothée ìyàwó mi ti bímọ ní Akparé, lẹ́bàá Atakpamé. N kò tíì rí ojú ọmọ náà.”

Laurent ní kí ó sọ ọ́ fún Ṣéhù fúnra rẹ̀. Gérard sọ ọ́, Ṣéhù sì ní, “Ẹ jẹ́ kó lọ, ọ̀gá. Màá ṣe tirẹ̀ mọ́ tèmi.”

Nígbà tí Gérard lọ tán, Ṣéhù béèrè pé, “Ẹ̀yin ńkọ́, ọ̀gá? Ta lẹ fi sílẹ̀ nílé?”

Laurent yíjú sí ọ̀nà Glei.

“Élisabeth ìyàwó mi. Ohùn rẹ̀ ti fẹ́ máa sọnù létí mi.”