Ilẹ̀kùn Tí Ọwọ́ò-dilẹ̀ Pa Lẹ́nu Mọ́

Bí irọ́ bá wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, kí eyín méjì tó ṣẹ́kù sí mi lẹ́nu bọ́ sínú ọbẹ̀ lónìí. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ó ṣojú mi kòró, búrẹ́dì sì wà lọ́wọ́ mi nígbà tó ń ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi tó ti lọ, ẹni tí gbogbo ẹbí ń pè ní Ọwọ́ò-dilẹ̀, nìkan ni káfíńtà tí mo mọ̀ láyé yìí tó tún ilẹ̀kùn ṣe dáadáa títí ẹni tó ni ín fi bú sẹ́kún. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ìsinmi ọdún ni. Ìyá tó gbà wá lálejò lórí òkè ti inú ọgbà rẹ̀ bọ̀, ó ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Ilẹ̀kùn ṣí wọ́ọ́rọ́wọ́, kò dún rárá. Ìyá dúró. Ó pa á dé, ó tún ṣí i. Ló bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń sunkún bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú. Ẹ̀gbọ́n mi ti dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń retí ìyìn. Ó ní, "Ó tó, Ìyá, ẹ má sunkún mọ́. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ náà wù yín."

Ẹ jẹ́ kí n padà sẹ́yìn díẹ̀, kẹ́ ẹ lè mọ irú ẹni tó jẹ́. Ọkùnrin náà kò lè jókòó. Bí ó bá jókòó, á gbọ́ tí àga ń ráhùn, á sì dìde láti wo ohun tó ń ṣe é. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ gan-an, abẹ́ tábìlì ni wọ́n ti fẹsẹ̀ fà á jáde, ó ń fi bébà há ẹsẹ̀ tábìlì tó ń mì. Ìyàwó ti rò pé ó sá lọ ni.

Nígbà tó di àgbà, ọkàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú. Dókítà gbé etí lé e láyà, ó ní, "Bàbá, ẹ nílò ìsinmi. Fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ẹ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan iṣẹ́."

"Mo ti gbọ́, dókítà. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀dì tí mo sùn lé yìí, ta ló kàn án fún yín? Ó fẹ́ kú ṣáájú mi."

Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ìbejì, ló wá pinnu pé kí gbogbo wa lọ lo ìsinmi ọdún lórí òkè, níbi tí kò ti sí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà kankan. Ìyá àgbàlagbà kan wà níbẹ̀ tó ń fi yàrá méjì nínú ilé rẹ̀ gba àlejò. Ìyá Olókè là ń pè é. Kí á tó kúrò nílé, Ìyá Ìbejì tú àpò ọkọ rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mẹta. Ó rí hámà nínú bàtà. Ó rí ìṣó nínú agolo pọ́dà.

"Bàbá Ìbejì, kí lẹ fẹ́ fi ìṣó ṣe níbi ìsinmi?"

"Mo kàn fẹ́ máa wò ó ni."

Nígbà tí a débẹ̀, gbogbo wa jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, à ń wo bí ìkùukùu ṣe ń gun àwọn òkè náà bí ẹni ń wọ aṣọ. Ọwọ́ò-dilẹ̀ nìkan ló dúró, ó ń rìn síwá sẹ́yìn bí adìyẹ tó fẹ́ yé ẹyin. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo òkè."

Ó ní, "Mo ti rí i. Ó wọ́ díẹ̀ sápá òsì."

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ó ti fi ọ̀bẹ ìjẹun tún àpótí ìjókòó mẹ́ta ṣe, ó sì ti fi ìdí ṣíbí mú fèrèsé yàrá wa le. Ìyá Ìbejì gba gbogbo ṣíbí àti ọ̀bẹ pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí. Bí a ṣe fi ọwọ́ jẹ ìrẹsì nìyẹn, àlejò àti onílé.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ilé ìdáná ló kó o sí wàhálà. Bí ènìyàn bá tì í, á ké: "Kéèè-hìn!" Bó bá sì ti ké, níbikíbi tí Ìyá Olókè bá wà, á pariwo pé, "Ẹ nu ẹsẹ̀ yín!" A rò pé àwa ló ń bá wí. Gbogbo wa ń nu ẹsẹ̀. Èmi tí mi ò tíì jáde láti àárọ̀ pàápàá ń nu ẹsẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kò lè fara da igbe náà. Ó ní ilẹ̀kùn ń bẹ òun. Ní ìdájí ọjọ́ kejì, ó yọ ṣíbí kan lábẹ́ ìrọ̀rí ìyàwó rẹ̀, ó tú ilẹ̀kùn sílẹ̀, ó fi páànù pẹlẹbẹ há abẹ́ àwọn irin tí ilẹ̀kùn fi ń yí, ó sì da òróró sí i. Ibẹ̀ ni ẹkún ti dé.

Nígbà tí Ìyá Olókè rí ohùn sọ̀rọ̀, ó ní, "Ọkọ mi ló kàn án. Ó ti pé ọdún mẹ́fà tó ti sùn. Bó bá ti oko dé, èjìká ló fi ń ti ilẹ̀kùn, nítorí igi ìdáná máa ń kún ọwọ́ rẹ̀. Ẹrẹ̀ ló sì máa ń rù wọlé fún mi. Bí mo bá ti gbọ́ igbe yẹn, mo máa ń pariwo mọ́ ọn. Mo ṣì ń pariwo mọ́ ọn." Ó fi etí ìró rẹ̀ nu ojú. "Ní báyìí, ta ni mo fẹ́ máa pariwo mọ́?"

Ẹ̀gbọ́n mi wo ilẹ̀ bí ẹni tí wọ́n da omi tútù lé lórí. Ọjọ́ márùn-ún ló kù kí a lọ. Ó ní, "Ìyá, kí a tó lọ, ilẹ̀kùn yìí á sọ̀rọ̀. Bí kò bá sọ̀rọ̀, mi ò lọ."

Ó yọ páànù. Ó fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ òróró kúrò. Ó ní kí Ìyá Olókè jókòó sídìí iná, kó di ojú, kó máa ṣe adájọ́. Ó ti ilẹ̀kùn.

"Rárá. Ìyẹn dà bí ewúrẹ́."

Ó bu iyanrìn sí i, ó tún tì í.

"Háà! Ìyẹn dà bí ìyá ọkọ mi. Ẹ jọ̀ọ́, kíákíá, ẹ yọ ọ́ kúrò!"

Bí ó ṣe ń ṣe títí ilẹ̀ fi ṣú nìyẹn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ìyá Olókè fúnra rẹ̀ ló sọ fún un pé, "Iyanrìn kọ́ ló kọ́ ilẹ̀kùn lórin. Ìkùukùu ni. Díẹ̀díẹ̀ ló ń wọ inú irin náà."

"Ó gbọ́dọ̀ dípẹtà," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. Ó fi omi iyọ̀ nu irin náà, ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún ìkùukùu. "Ó yá, kí ló kù tí mo máa ṣe?"

"Kò sí. Ẹ máa jókòó."

Ìyá Ìbejì ké láti yàrá pé, "Ẹ tún un sọ, Ìyá! Etí rẹ̀ kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa!"

Ó jókòó. Áà, ẹ ò rí nǹkan! Ìka rẹ̀ ń lu àga. Ó ka pákó àjà, ó kà á padà. "Àbúrò, ṣé ó ti dípẹtà?" "Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bi mí ni, ẹ̀gbọ́n mi." "Ìgbà yẹn ti pẹ́." Ìyá Olókè gbé ẹ̀wà fún un kó máa ṣà. Ó ṣà á tán, ó tún pín in sí ńlá, àárín àti kékeré. Ẹ̀wà tí a jẹ lọ́jọ́ náà, ìpele mẹ́ta ni.

Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀. Ó ń bi ìyá nípa ọkọ rẹ̀, bó ṣe ń rẹ́rìn-ín, irú igi tó fẹ́ràn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta tó ti ń jókòó bẹ́ẹ̀, mo rí ohun tí ẹnì kankan nínú ẹbí wa kò rí rí: Ọwọ́ò-dilẹ̀ sùn lọ lórí àga. Ìyá Ìbejì fi ọwọ́ sí i nímú láti mọ̀ bóyá ó ń mí. Lẹ́yìn náà ló wá fa àpótí kan, ó jókòó tì í, ó ń lé eṣinṣin.

Àárọ̀ tí a máa lọ, ẹrù ti wà nínú ọkọ̀. Kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ kan ilẹ̀kùn náà. Ìyá Olókè kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ń da tíì. Ẹ̀gbọ́n mi jáde lọ sínú ọgbà, ó sì fi èjìká ti ilẹ̀kùn.

"Kéèè-hìn!"

"Ẹ nu ẹsẹ̀ yín!" ni Ìyá Olókè pariwo, kó tó mọ̀ pé òun sọ̀rọ̀. Ìkòkò tíì dúró lófuurufú. Ẹ̀gbọ́n mi, tí kò gba àṣẹ lẹ́nu obìnrin kankan rí, bọ́ bàtà, ó sì nu ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ló kú, ní ọ̀sán, lórí àga, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dilẹ̀ lórí itan.

Nígbà tí ìsinmi ọdún tún dé, a padà sórí òkè láìsí i. A jókòó yí tábìlì ilé ìdáná ká. Tábìlì náà ń mì, kò sẹ́ni tó há a. Búrẹ́dì wà lọ́wọ́ wa, a kò jẹ ẹ́. Àfi bí afẹ́fẹ́ ṣe fẹ́, tó ti ilẹ̀kùn: "Kéèè-hìn!"

Ìyá Olókè àti Ìyá Ìbejì pariwo lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Ẹ nu ẹsẹ̀ yín!" Wọ́n wo ara wọn. Ẹ̀rín gbé wọn, wọ́n rín in títí omi fi ń dà lójú wọn, títí gbogbo wa fi bá wọn rín in. Ìyá Ìbejì ní, "Ẹ ò rí i? Lọ́hùn-ún gan-an, kò lè jókòó!"

Bó ṣe rí nìyẹn, mi ò bù mọ́ ọn. Àfi afẹ́fẹ́ yẹn. Afẹ́fẹ́ kankan kò fẹ́ lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo na ẹsẹ̀ lábẹ́ tábìlì, tí mo fi ti ilẹ̀kùn. Nítorí náà, eyín kan péré ló tọ́ kó bọ́. Kó mú èyí tápá òsì. Ó ti ń mì tipẹ́, ẹni tí ì bá sì bá mi fi bébà há a kò sí mọ́.