Tẹlifíṣọ̀n Ilé Kasonde

Ní Wusakile, àdúgbò àwọn awakùsà, ẹ̀gbẹ́ ilé mi ni Kasonde àti Kunda, ìyàwó rẹ̀, ń gbé. Abẹ́ ilẹ̀ ni Kasonde ti ń ṣiṣẹ́, níbi ìwakùsà. Èmi ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe níwájú ilé mi. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Lubuto. Ibà pa á nígbà tó di ọmọ ọdún mẹ́fà.

Lẹ́yìn ìsìnkú náà ni Kunda bẹ̀rẹ̀ sí í tan tẹlifíṣọ̀n láàárọ̀ kùtù, sí ìkànnì tí wọ́n ti ń ṣe eré ọmọdé, kì í sì í pa á títí wọn á fi sùn. Kì í wò ó. Ẹ̀yìnkùlé ló máa ń wà, tí á máa pa ẹ̀pà, ohùn àwọn ọmọdé á sì máa gba ojú fèrèsé jáde.

Kasonde ní ojú tẹlifíṣọ̀n náà máa bàjẹ́. Ó ní kọ̀ǹpútà ọ̀gá àwọn níbi iṣẹ́ kì í sinmi, àwòrán kan ti lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀ bí àbàwọ́n. Kunda ṣì ń tàn án. Ni Kasonde bá yọ wáyà iná rẹ̀, ó ń mú un lọ síbi iṣẹ́ nínú àpò oúnjẹ. Ọjọ́ mẹ́rin ló ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ karùn-ún, Kunda fi kọ́kọ́rọ́ ilé sí mi lọ́wọ́, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Luwingu.

Lọ́jọ́ Sátidé, Kasonde gbé tẹlifíṣọ̀n náà wá, ó ní kí n yẹ ojú ẹ̀ wò. Mo tú u, mo gbọn eruku inú rẹ̀, mo tàn án. Ó mọ́lẹ̀ kedere bí ìgbà tí wọ́n rà á. Mo ṣàlàyé fún un pé títàn án látàárọ̀ dalẹ́ kì í tètè ba irú ojú yẹn jẹ́. Iná tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló ń rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ló sì ń gbà. Àwòrán tí kò yí padà lè fi àmì sílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n eré ọmọdé kì í dúró lójú kan. Iná mànàmáná tó ń lọ tó ń bọ̀ lójijì ni kó máa bẹ̀rù.

"Ó dá ẹ lójú?"

"Iṣẹ́ mi ni, Bàbá Lubuto."

Ó jókòó sórí àpótí mi. "Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ ni pé ó ti bàjẹ́." Ó tún ní, "Kì í ṣe ojú tẹlifíṣọ̀n ló ń dùn mí. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, tí mo gbọ́ orin ọmọdé yẹn lẹ́nu ọ̀nà, màá rò pé Lubuto wà nínú ilé. Ojoojúmọ́ ni mò ń wọlé tí mi ò bá a."

Mo bi í bóyá ó ti sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ rí. Ó mi orí pé rárá.

Ó lọ sí Luwingu. Òun fúnra rẹ̀ ló padà wá ròyìn fún mi. Ó ní òun sọ gbogbo rẹ̀ fún Kunda, òun sì bẹ̀ ẹ́ kó padà wálé. Kunda sunkún, lẹ́yìn náà ló bu omi fún un mu.

"Mi ò bá yín jà," ni Kunda wí. "Ká ní ẹ ti sọ ọ́ nígbà yẹn ni, à bá jọ sunkún ẹ̀. Mi ò lè wọ ilé yẹn mọ́."

Ní ìparí oṣooṣù, Kasonde á ra ṣúgà àti ọṣẹ, á gba ọ̀nà Luwingu lọ. Wọn á jókòó sábẹ́ igi máńgòrò ìyá Kunda, wọn á sọ̀rọ̀ òjò, wọn á sọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́ tó wà lóko. Tílẹ̀ bá mọ́, á wọ bọ́ọ̀sì padà. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta báyìí. Kò bẹ̀ ẹ́ mọ́ pé kó máa bọ̀.