Wáyà Ẹ̀rọ Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Mi

Ọ̀rọ̀ wáyà ni obìnrin ọsibítù yẹn fi bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ wáyà náà ló sì fi parí. Ẹ̀rọ tó gbé lé mi lọ́wọ́ kò ju ìdì ọṣẹ kan lọ. Orí rẹ̀ rí roboto, ó sì ní ìrù gígùn tí wọ́n ń kì bọ iná. Ó ní kí n máa fi ìpara tútù pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ọ̀tún, kí n wá máa fi orí ẹ̀rọ náà rìn ín lára lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, iná díẹ̀díẹ̀ yóò máa ta iṣan ojú náà jí. Ìyẹn ò gbà á lásìkò rárá. Wáyà ló wá kù. Kí n má ṣe wé e mọ́ ẹ̀rọ lọ́rùn o, torí ibi tó ti wọnú ẹ̀rọ gan-an ló ti máa ń já. Kí n ká a fẹ̀ bí òṣùká, kí n fi àkísà dì í. Kí n má sì jẹ́ kó kan ilẹ̀ tútù láé. Mo ń mi orí. Èmi tí mo máa ń dá dókítà lóhùn kó tó béèrè ọ̀rọ̀, orí ni mo ń mì bí alángbá, torí pé ìlàjì ẹnu mi ló ń ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín ohun tí ẹnu jẹ́ fún mi. Ọjà Odawna ní Accra ni mo ti ń ta ọṣẹ dúdú, mílíìkì, súgà àti àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ inú ilé. Accra ni wọ́n bí mi sí, Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti wá, Alata sì ni àwọn ará ibí ń pe gbogbo àwa Yorùbá. Ọṣẹ dúdú pàápàá, ọṣẹ Alata ni wọ́n ń pè é, nítorí náà èmi kì í polówó rẹ̀ bí ẹni tó ń ṣagbe. Mo máa ń sọ fún oníbàárà pé orúkọ mi ló wà lára ọjà, kó lọ ra ti ẹlòmíràn kó wá wò ó bí ara rẹ̀ ò bá ní yún un. N óò fi Twi bú u díẹ̀, n óò fi Gã ṣẹ̀fẹ̀, n óò fi Yorùbá ṣàdúrà fún un, òun náà á rẹ́rìn-ín, á sì rà á. Ẹnu mi ni ìsọ̀ mi. Àwọn agolo mílíìkì yẹn kàn ń bá a jókòó ni.

Àfi láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo ń fọ eyín, tí omi tí mo gbà sẹ́nu ń ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ ètè mi jáde. Mo rò pé oorun ni. Mo wo dígí, ẹnu mi ti wọ́ lọ sí òsì, ojú ọ̀tún ò sì pa dé. Mo ké sí ọmọbìnrin mi, ohùn tó jáde kì í ṣe tèmi. Dókítà ní kì í ṣe àrùn rọpárọsẹ̀, pé iṣan ojú kan ló wú. Ó ní ó máa ń padà, pàápàá bí èèyàn bá tètè tọ́jú ara rẹ̀. Mo bi í pé ṣé ó dájú. Ó ní òun ò lè búra lé ojú ẹnikẹ́ni lórí.

Ọmọbìnrin mi ra ẹ̀rọ náà. Èmi fi ìborùn bo ẹnu, mo padà sọ́jà, mo ní eyín ló ń dùn mí. Ẹnì kan bi mí bóyá mo ti di alhájà lójijì. Mo fọwọ́ júwe ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó bá mi kẹ́dùn. Ìtìjú yẹn kò tíì le. Èyí tó le ni ti ìyá àgbàlagbà kan, Yorùbá bíi tiwa, tó wá ra mílíìkì, tó sì bá mi níbi tí mo ti ṣí ìborùn fẹ́ mu omi. Ó wò mí, ó gba ọjà rẹ̀, ó sì ń lọ, ló wá wí jẹ́jẹ́ bí ẹni ń dá ọ̀rọ̀ sọ, pé ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo gbọ́ ọ. Mo fa ìborùn padà bo ẹnu, ẹnu ọ̀hún náà ni wọ́n ń bá wí.

Ẹ̀rọ wà, iná ò sí. Àkókò dumsọ nìyẹn, nígbà tí wọ́n ń pa iná tí wọ́n ń tàn án fún wa ní Accra bí ẹni ń pín ẹran, àdúgbò yìí lónìí, àdúgbò yẹn lọ́la. Ní Madina, àdúgbò tí mò ń gbé, bí mo bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ trotro nírọ̀lẹ́, òkùnkùn ti bo ilé. Bí iná bá sì padà dé, èmi ti wà lójú ọ̀nà ọjà. Ẹ̀rọ náà kò ní bátìrì. Ní gbogbo ìlà tiwa ní Odawna, ẹnì kan ṣoṣo ló ní jẹnẹrétọ̀, ẹni náà sì ni ẹni tí èmi kì í kí.

Ìyá olómi tútù ni. Ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí tèmi, ọ̀nà tóóró kan ló là wá láàárín. Omi inú ọ̀rá àti mínírà ló ń tà, jẹnẹrétọ̀ ló sì ń gbé fìrísà rẹ̀ ṣiṣẹ́. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀bá gọ́tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ mi ni jẹnẹrétọ̀ náà máa ń wà kí èéfín rẹ̀ lè rí ibi gbà lọ, wáyà rẹ̀ á sì wọ́ kọjá lójú ọ̀nà, yóò lọ́, yóò ta kókó. Inú mi kì í dùn sí i. Èmi tí mò ń to ọṣẹ bíi bíríkì, tí mò ń nu orí agolo kọ̀ọ̀kan láràárọ̀! Lọ́jọ́ kan tí ọjà kún, mo fi Twi pariwo pé ta ló pa ewúrẹ́ tí kò kó ìfun rẹ̀ nílẹ̀. Ọjà rẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe rí i pé wọ́n ń rẹ́rìn-ín, mo fi kún un, mo ní bí ìta rẹ̀ bá rí báyìí, kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí n rí inú yàrá rẹ̀. Ìyá ọjà, àgbà obìnrin tó ń ṣe àkóso ìlà wa, gbọ́ ariwo, ó sì dé. Ó pàṣẹ kí obìnrin náà gbé jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ lọ sẹ́yìn ìsọ̀ ara rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ tẹ́ wáyà sójú ọ̀nà mọ́. Ìfun Ewúrẹ́ ni àwọn alárù ń pè é láti ọjọ́ náà. Kò bú mi padà. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ká wáyà rẹ̀.

Òun náà ni mo wá fẹ́ lọ bẹ̀. Mo kọ́kọ́ kọ̀ jálẹ̀. Mo gbé ẹ̀rọ sínú páálí ọṣẹ, bí ọmọ mi bá bi mí pé, "Màámi, ṣé ẹ ti lò ó?", mo máa ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó wá di ọjọ́ kan tí mo ń mu tíì ní ìsọ̀, tí oníbàárà kan dúró dè mí. Tíì náà gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu mi ṣàn dé àyà. Obìnrin náà rí i. Ó kàn ṣe bí ẹni rántí nǹkan, ó sì lọ ra ọṣẹ ní ìsọ̀ kejì. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù tó bà mí ju ìtìjú lọ, torí pé bí ojú yìí bá fi lè gan báyìí, mo ti tán lọ́jà nìyẹn.

Mo mú ẹ̀rọ, mo sọdá. Mo ṣí ìborùn kúrò. Mo fẹ́ sọ pé mepa wo kyɛw, ẹ̀bẹ̀ tí ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀rọ̀ mọ̀ ọ́n sọ nílùú yìí. Ètè ò pàdé ètè. Atẹ́gùn ló jáde, itọ́ tẹ̀ lé e. Mo tún gbìyànjú, ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú tì mí débi pé etí mi ń hó. Mo dúró de ẹ̀rín rẹ̀, torí bó bá jẹ́ èmi ni, mi ò purọ́ fún yín, n óò ti rẹ́rìn-ín.

Ó wo ojú mi, ó wá wo ọwọ́ mi. Mo ti wé wáyà náà mọ́ ẹ̀rọ lọ́rùn pinpin kó lè gba inú páálí, bí ẹni tí wọ́n ò kìlọ̀ fún. Ó pòṣé. Ó gbà á, ó ń tú u, ó ń fi àtàǹpàkò na ibi tó ti ṣẹ́ díẹ̀díẹ̀. Mo fọwọ́ júwe ẹ̀rẹ̀kẹ́, mo júwe iná, ó yé e. Ó na ìka sí ẹ̀yìn fìrísà rẹ̀, àmọ́ ilẹ̀ ibẹ̀ ń ṣomi, òun fúnra rẹ̀ ló mi orí pé rárá. Ló bá mú wáyà gígùn kan jáde, ó fà á kọjá lójú ọ̀nà, ó fi páálí bò ó, ó fà á dé ẹ̀yìn àwọn ìdì ọṣẹ mi níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti lè rí mi.

"Alata," ó ní, "jókòó."

Báyìí la ṣe ń ṣe é. Bí èrò bá dín, á tẹ́ wáyà rẹ̀, èmi á wọ ẹ̀yìn ọṣẹ, iná á máa ta mí lẹ́rẹ̀kẹ́ bí èèrà tó ń já ni jẹ. Bí mo bá parí, á wá ká wáyà tirẹ̀, á sì ká tèmi náà, ní òṣùká fífẹ̀ gẹ́gẹ́ bí obìnrin ọsibítù ṣe wí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un. Ó fa etí ìró rẹ̀ àtijọ́ kan ya, òun ló fi ń dì í. Kò bá mi sọ̀rọ̀. Mo ń gbàdúrà kó bú mi lẹ́ẹ̀kan péré, kí n lè mí. Láàárín ìdì ọṣẹ méjì, mo ń rí i bí èéfín jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n lé lọ sẹ́yìn ìsọ̀ rẹ̀ ṣe ń wọlé bá a, tó ń húkọ́, tó ń fi ìdí aṣọ nu ojú. Ojú rẹ̀ tó máa ń pọ́n yẹn, èmi ti rò pé ìbínú ni.

Lọ́jọ́ kan, mo wà nídìí ẹ̀rọ, ìpara wà lójú mi, ìborùn wà lórí itan. Mo gbọ́ tí ẹnì kan kọsẹ̀, mo sì gbọ́ ohùn ìyá ọjà. Ó ní ṣebí òun ti sọ ọ́ lójú gbogbo ayé pé òun ò fẹ́ rí wáyà lójú ọ̀nà yìí mọ́. Ó ní ṣé obìnrin yìí fẹ́ pa òun ni, ṣé ìfun ewúrẹ́ yìí náà ló tún tẹ́ sílẹ̀. Àwọn alárù rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ mi ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín, ó tún dé bí tuntun.

Mo yọjú láàárín ọṣẹ. Kò ju kí ìyá olómi na ìka sí ìsọ̀ mi lọ, kí ẹ̀bi kúrò lórí rẹ̀. Kò na ìka. Ó ní kí ìyá ọjà má bínú, pé àṣìṣe òun ni, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fa wáyà náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Iná kú lẹ́rẹ̀kẹ́ mi. Ẹ̀rọ náà ń fà lọ́wọ́ mi díẹ̀díẹ̀, bí ẹni pé ó ń pè mí. Mo lè jókòó. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Mo wo ìborùn, mo rò ó pé kí n fi bojú kí n tó jáde, mo sì mọ̀ pé bí mo bá dúró fi bojú, mi ò ní jáde mọ́.

Mo jáde. Ìpara ń dán lójú mi, ẹnu mi wọ́, ẹ̀rọ wà lọ́wọ́ mi pẹ̀lú ìrù rẹ̀. Ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Mo na ọwọ́ sí wáyà, mo lu àyà mi. Mo ní, "Tèmi ni." Ó jáde bí ọ̀rọ̀ ọmọ tí kò tíì hu eyín, itọ́ dà lé mi lágbọ̀n, àmọ́ ó jáde, mo sì tún un wí ní Twi kí gbogbo wọn lè gbọ́. Mo tún júwe jẹnẹrétọ̀, mo júwe ẹ̀bá gọ́tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ mi níbi tó wà tẹ́lẹ̀, mo júwe ojú obìnrin náà. Ẹni tó mọ̀ mí lọ́jọ́ tí mò ń fi ẹnu dá ọjà rú yóò rò pé orí mi ti yí. Ìtìjú yẹn ò ṣeé fẹnu sọ. Gbogbo oníbàárà mi ló wà níbẹ̀.

Ìyá ọjà wò mí títí. Ó sọ̀ ohùn kalẹ̀, ó ní due, due, bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tí nǹkan ṣe. Ó wá ní bó bá jẹ́ èmi ni mo yọ̀ǹda ẹ̀bá gọ́tà mi, kí wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ padà, àmọ́ kí wọ́n fi òpó gbé wáyà sókè. Ó lọ. Àwọn èèyàn tú ká, wọ́n ń wẹ̀yìn wò mí.

Obìnrin náà gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ mi. Ó ká wáyà rẹ̀ ní òṣùká bó ti máa ń ká a, ó fi àkísà ìró rẹ̀ dì í, ó gbé e fún mi.

"Alata, jẹ́ kí ẹnu rẹ sàn ná," ó ní. "Èmi ò lè bá ìlàjì ẹnu jà."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín. Òsì rẹ́rìn-ín, ọ̀tún dúró gbọnin. Mo yára fi ọwọ́ bò ó. Ó gbá ọwọ́ mi kúrò lẹ́nu, ó sì padà sídìí fìrísà rẹ̀.