Ìgbátí Aṣọ Orlena

"Má jẹ́ kí maṣíìnì kan ìgbátí rẹ̀ o, Dorsey."

Ohun tí Orlena Gayheart sọ kẹ́yìn fún ọmọ ọmọ rẹ̀ nìyẹn. Kò dágbére, kò súre. Aṣọ ìbora tó wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń sọ; aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń gbá etí rẹ̀ yípo ni ìgbátí. Kí Dorsey tó bu omi dé láti ilé ìdáná, ó ti dákẹ́.

Ní Caney, láàárín àwọn òkè Kentucky, aṣọ ìbora tí obìnrin bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán ni wọ́n ń tẹ́ sórí pósí rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kí wọ́n tó gbé pósí sínú ilẹ̀, wọ́n á ká aṣọ náà, wọ́n á fún ẹni tó kù nílé. Òun ni yóò fi bora lálẹ́ ọjọ́ náà. Nílé Orlena, Dorsey nìkan ló kù.

Eruku ibi tí wọ́n ti ń wa èédú ló pa ọkọ Orlena. Egbòogi olóró ló pa ọmọ rẹ̀ obìnrin, ìyá Dorsey. Orlena gba ọmọ náà tọ́ nígbà tí kò tíì lè so okùn bàtà. Owó tó ń gbà nílé iṣẹ́ ìránṣọ tó wà nílùú ló fi ń bọ́ ọ. Ìgbátí ni wọ́n ń ní kó máa rán níbẹ̀, láti àárọ̀ dalẹ́. Lọ́jọ́ kan, abẹ́rẹ́ maṣíìnì gún ìka rẹ̀ yọ sódì kejì. Ọ̀gá fi ẹ̀mú fà á yọ, ó ní, "Kí ẹ̀jẹ̀ má kan ọjà o." Orlena di ìka, ó jókòó padà. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé, kò fi maṣíìnì gbá etí aṣọ mọ́. "Oúnjẹ òòjọ́ ni mo fi í wá," ó máa ń wí. "N ò ní fi ṣe tèmi."

Zella Noble, aládùúgbò rẹ̀, kì í jẹ́ kó gbádùn.

"Orlena, ìgbà wo lo máa jẹ etí aṣọ yìí tán, ìwọ eku? Kí ọbẹ̀ mi tó hó, mo ti gbá tèmi tán."

"Mo rí i. Ó jọ ẹnu àpò oúnjẹ adìẹ."

"Àpò yẹn ò já rí! Fọ̀ ọ́, gbo ó, tẹ́ ẹ fájá. Tìẹ ńkọ́?"

"Tó bá já, n ó tún un rán. Kí ni mo tún fẹ́ fi ọwọ́ ṣe?"

Ìka Orlena wá wú. Ṣòkòtò ọkọ rẹ̀ àti àjákù aṣọ ọmọ rẹ̀ ló fi rán èyí tó kẹ́yìn, ó tẹ́ òwú sáàárín iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀. Ó fi ọwọ́ rán ìgbátí mọ́ iwájú rẹ̀ yípo. Ó ku kó ṣẹ́ ẹ sẹ́yìn, kó rán an mọ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni ikú bá a.

Ọ̀la ni ìsìnkú. Dorsey gbé aṣọ náà sẹ́bàá fèrèsé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ rán ìgbátí náà mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ibi ìlagi ló ti ń ṣiṣẹ́, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ le bí èèpo igi. Kí oòrùn tó rékọjá òkè, etí kan ṣoṣo ló ṣe tán. Ó wọ́, ẹ̀jẹ̀ ìka Dorsey sì kán sí i lára.

Zella gbé ìkòkò ẹ̀wà wọlé, ó wo aṣọ náà.

"Ta ló rán èyí? Ìwọ àbí ológbò?"

"Èmi ni, Àǹtí."

"Gbé e wá sílé mi. Kí ẹ̀wà yìí tó tutù, maṣíìnì á ti parí ẹ̀."

"Màmá ní kí maṣíìnì má kàn án."

"Màmá ẹ ti lọ, ọmọ mi. Ṣé bí òwú ṣe ń yọ bí ìfun yìí la ó ṣe gbé e wọ ṣọ́ọ̀ṣì?"

Ìyẹn dun Dorsey. Kò fẹ́ kí wọ́n fi ìyá àgbà rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó gbé aṣọ náà tẹ̀ lé e.

Zella fi maṣíìnì rán díẹ̀ ní igun, ó dojú aṣọ délẹ̀ láti wo ẹ̀yìn rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ti fo etí tó ṣẹ́ sẹ́yìn, kò mú un.

"Wàhálà dé. Ẹni tó bá fẹ́ fi maṣíìnì gbá a, ẹ̀yìn ló ti ń bẹ̀rẹ̀, kó ṣẹ́ ẹ wá síwájú, níbi tójú á ti rí abẹ́rẹ́. Orlena ti bẹ̀rẹ̀ níwájú. Àfi ká tú tiẹ̀ kúrò."

Ó mú abẹ. Dorsey wo ojú rírán ìyá àgbà rẹ̀. Níbi tó ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n kéré, wọ́n sún mọ́ra. Lápá ìkẹyìn, wọ́n tóbi, wọ́n ń ṣe ségesège. Ó gbé ọwọ́ lé e.

"Ẹ má tú u."

"Dorsey, gbọ́—"

"Ẹ má tú u, Àǹtí. Ibi tí ọwọ́ ẹ̀ dé nìyẹn."

Zella gbé abẹ sílẹ̀. Ó ṣí agolo píìnì. Àwọn méjèèjì ṣẹ́ etí tó kù, wọ́n fi píìnì há a mọ́lẹ̀.

"Ẹnu ayé ò ní sinmi lọ́la o."

"Kí wọ́n máa sọ."

Wọ́n sì sọ ọ́. "Píìnì rèé!" obìnrin kan wí lẹ́yìn nínú ṣọ́ọ̀ṣì. "Orlena, tó ń fi etí aṣọ ṣe fáàrí!" Òjò rọ̀ lórí òkè níbi ibojì. Nígbà tí wọ́n ń ká aṣọ náà, píìnì gún pásítọ̀ lọ́wọ́. Ó gbé e fún Dorsey ní tútù.

Zella ní kó wá sùn lọ́dọ̀ òun. Ó kọ̀. Kò lè fi aṣọ náà bora pẹ̀lú píìnì lára rẹ̀. Bí píìnì bá sì wà níbẹ̀ mọ́jú, ìpẹtà á ba aṣọ jẹ́. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà wọ́n yọ. Ó ń nu ọ̀kọ̀ọ̀kan sára ṣẹ́ẹ̀tì, ó ń jù ú sínú àwo. Ibi tó bá ti yọ píìnì, ìgbátí á ṣí sílẹ̀, òwú á yọjú. Kò tì í padà. Ó bọ́ sí píìnì tó kàn.