Ìpàdé Tí Wọ́n Fi Ta Ilé Ìyá Onítìmùtìmù

Ọkùnrin kan ló ṣàdédé wọ ọgbà Ìyá Onítìmùtìmù láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Kò kí i dáadáa, ó kàn fa okùn ìwọ̀n yọ lápò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ojú fèrèsé. Ìyá ń kan ìṣó mọ́ àga oníbàárà kan lọ́wọ́ ní yàrá iwájú. Ìṣó wẹ́wẹ́ wà láàárín ètè rẹ̀, torí bó ṣe ń ṣiṣẹ́ látọdúnmọ́dún nìyẹn: ìṣó lẹ́nu, òòlù lọ́wọ́, awọ àga lórí itan. Ó ní láti kọ́kọ́ tu ìṣó sọ́wọ́ ná kó tó lè sọ̀rọ̀.

"Ìwọ ọkùnrin yìí, kí lò ń wọ̀n lára ilé mi?"

"Ẹ má bínú, Màmá. Èmi ni wọ́n ta ilé yìí fún. Mo kàn fẹ́ mọ bí fèrèsé tuntun á ṣe tóbi tó ni."

"Ta ló tà á?"

"Àkọ́bí yín mà ni. Ó ní gbogbo ẹbí ti ṣèpàdé lórí fóònù, ẹ̀yin náà sì wà níbẹ̀, ẹ gbà."

Háà! Ẹ wo ọ̀ràn! Èèyàn jókòó sínú ilé tó bá ọkọ rẹ̀ ru búlọ́ọ̀kù kọ́, àlejò wá ń sọ fún un pé òun fúnra rẹ̀ ló tà á. Ọkọ tó kọ́ ilé náà ti dolóògbé, orúkọ ìyá àtàwọn ọmọ mẹ́ta ló sì fi ilé sí kó tó lọ, kí ẹnì kan má lè dá a tà. Yàrá iwájú ni ṣọ́ọ̀bù ìyá. Òórùn gọ́ọ̀mù àti awọ ni ń kí èèyàn lẹ́nu ọ̀nà, fóòmù tí wọ́n ti gé sì kún gbogbo igun. Ibẹ̀ ló ti ń tún ìjókòó mọ́tò ṣe, àti àga onígbàjámọ̀, àti bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń tẹ́ aláìsàn sí. Iṣẹ́ yìí ló fi tọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí, tó fi rán wọn níléèwé. Wọ́n wá ní kó kúrò níbẹ̀, kó lọ máa gbé yàrá ẹ̀yìnkùlé àkọ́bí, kó máa wojú ògiri!

Kì í ṣe pé ìpàdé ò wáyé o. Ó wáyé. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àkọ́bí, tó ń gba iṣẹ́ ilé kíkọ́ níbi tó jìnnà, ló pe gbogbo wọn jọ. Ọmọ kejì, obìnrin, nọ́ọ̀sì ni, ìlú mìíràn lòun náà wà. Àbíkẹ́yìn nìkan ló wà nítòsí, òun ló sì so fóònù gbogbo wọn pọ̀, torí iṣẹ́ tó ń ṣe jẹun nìyẹn, ilé iṣẹ́ tó ń bá àwọn èèyàn ńláńlá ṣètò ìpàdé orí kọ̀ǹpútà ló wà. Ìyá gbé fóònù tirẹ̀ ti ara ìgò gọ́ọ̀mù, ó ń gbọ́ wọn, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Àkọ́bí rojọ́ títí, ó ní ilé ti gbó, Màmá ti dàgbà, ẹnì kan sì fẹ́ rà á. Ó wá béèrè pé, "Màmá, kí lẹ rí sọ?"

Ìyá gbé òòlù sílẹ̀. Ó sọ̀rọ̀. Ó ní òun ò gbà, kò sì sí ọjọ́ tóun máa gbà. Ó na ìka sí wọn lójú fóònù. Ó sọ ti bàbá wọn, ó sọ ti àwọn oníbàárà, ó ní bí òun bá kúrò níbẹ̀, kí ni òun fẹ́ máa fọwọ́ ṣe, ṣé kóun máa ka eṣinṣin ni? Kò sẹ́ni tó já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà tó parí, àkọ́bí ní, "Ẹ ṣeun, Màmá. A ti gbọ́." Ni wọ́n bá kí ara wọn pé ó dàbọ̀.

Inú ìyá dùn lọ́jọ́ náà. Àwọn ọmọ tí wọ́n máa ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ òun lẹ́nu láti kékeré, wọ́n jókòó, wọ́n gbọ́ òun látòkèdélẹ̀! Ó tiẹ̀ ń sọ fún obìnrin tó wà lódìkejì ọ̀nà pé òun tọ́mọ, ọmọ sì tọ́. Ó kà á sí pé ọ̀rọ̀ ilé ti tán.

Wàyí o, ó lé ọkùnrin olókùn náà jáde. Kò bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́ tó wọ̀, kò da ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn, ó kàn ti ilẹ̀kùn pa, ó sì gba ilé iṣẹ́ àbíkẹ́yìn lọ. Bó ṣe ń lọ ló ń dá sọ̀rọ̀ lójú títì. Obìnrin tó ń gbàlejò níbẹ̀ dìde sí i. "Màmá, ẹ kú ìrìn o. Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n wà nípàdé."

"Ìpàdé náà ni mo bá wá," ni ìyá wí, ó sì wọlé.

Yàrá tí àbíkẹ́yìn wà kò ní fèrèsé. Tábìlì gígùn kan ló wà láàárín, máíkì wà lójú tábìlì ní ìjókòó kọ̀ọ̀kan, wáyà ń wọ́ nílẹ̀ káàkiri, amóhùnmáwòrán ńlá sì wà lára ògiri. Ọmọ náà nìkan ló wà níbẹ̀, nǹkan ìgbọ́rọ̀ wà létí rẹ̀ kan, èkejì ń fì lọ́rùn.

"Màmá! Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ jókòó."

"Mi ò jókòó. Ta ló ní mo gbà kí wọ́n ta ilé?"

"Ẹ ò sọ pé ẹ ò gbà náà, Màmá. Bọ̀dá bi yín léèrè, ẹ dákẹ́."

"Èmi! Èmi dákẹ́! Mo sọ̀rọ̀ títí ọ̀fun mi fi gbẹ, o ní mo dákẹ́! Mo mọ̀ pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ṣé èmi ni màá wá jókòó, tí màá pa ẹnu mọ́ lórí ilé bàbá yín?"

Ọmọ náà fẹ́ dáhùn, ló bá dúró. Ó fọwọ́ lérí. "Yéè! Màmá, mo pa máíkì yín. Mo pa á, mi ò sì ṣí i mọ́."

Ìyá ò kọ́kọ́ mọ ohun tó ń wí. Ọmọ náà ṣàlàyé. Ó ní ẹ̀rọ táwọn fi ṣèpàdé, ẹni tí ìró rẹ̀ bá pọ̀ jù ló máa ń gbé àwòrán rẹ̀ sáàárín kó tóbi, kò sì mọ̀ bóyá ẹnu ló ń sọ̀rọ̀ tàbí òòlù ló ń kan ìṣó. Gbogbo ìgbà tí ìyá bá kan òòlù, ojú rẹ̀ á gbòde, ojú àkọ́bí á sá lọ sígun. Bọ̀dá ti ń bínú. Níbi iṣẹ́ tàwọn sì rèé, ẹni tí ariwo bá ti ń wá látọ̀dọ̀ rẹ̀, wọ́n á ti pa máíkì tirẹ̀ kí wọ́n tó ronú. "Ọwọ́ mi ló ṣe é, Màmá, orí mi ò sí níbẹ̀. Mo sì ń ṣọ́ ìpàdé ọ̀gá mi pọ̀ mọ́ ọn. Etí kan ni mo fi ń gbọ́ tiyín, mi ò tiẹ̀ wo àwòrán."

"Ṣùgbọ́n mò ń gbọ́ yín! Báwo ni màá ṣe máa gbọ́ yín, tẹ́ ò ní gbọ́ mi?"

"Màmá, bí àga bá tóbi ju ẹnu ọ̀nà lọ, kí lẹ máa ń ṣe?"

"Màá tú u. Màá fi ẹfun kọ nọ́ńbà sí i lára kí n lè tò ó padà. Kí ni ìyẹn kàn nínú ọ̀rọ̀ yìí?"

"Bí fóònù ṣe ń ṣe ohùn nìyẹn. Bí ẹ bá ṣe ń sọ̀rọ̀, á máa gé e wẹ́wẹ́, á kọ nọ́ńbà sí i, á máa jù ú sójú ọ̀nà. Gbogbo ẹ̀ lè má gba ọ̀nà kan náà. Fóònù ẹni tó ń gbọ́ ni yóò tò ó padà. Èyí tó bá pẹ́ dé, wọn ò ní dúró dè é, wọ́n á jù ú nù, torí ọ̀rọ̀ ti ń lọ níwájú. Ìdí nìyẹn tí ohùn fi máa ń já nígbà míì."

"Ẹ wá ń ju ọ̀rọ̀ àgbà nù nítorí pé ó pẹ́ dé! Ẹ ò ní í rí ire!"

"Tiyín ò tiẹ̀ débẹ̀, Màmá. Ẹni tí wọ́n bá ti pa máíkì rẹ̀, ohùn rẹ̀ ò ní kúrò nínú fóònù rẹ̀ rárá. Tàwọn tó kù á máa wọlé, tirẹ̀ ò ní jáde. Ohùn lọ́tọ̀, àwòrán lọ́tọ̀, kálukú ló ń bá tirẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Ìyá bínú o. Ó bú ẹ̀rọ náà, ó bú ẹni tó ṣe é, ó fi bàtà gbá wáyà kan nílẹ̀. Ó ní kì í ṣe ẹ̀rọ tó ń gé èèyàn lóhùn ni wọn yóò fi gba ilé lọ́wọ́ òun. "Pè wọ́n! Pe àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ báyìí báyìí, kí wọ́n gbọ́ ohun tí mo sọ."

Àbíkẹ́yìn pè wọ́n. Kò pẹ́, ojú àkọ́bí yọ lára ògiri, ó tóbi bí ilẹ̀kùn. Nọ́ọ̀sì yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Àbíkẹ́yìn sọ fún wọn pé òun ló pa máíkì Màmá lọ́jọ́sí, pé kò sẹ́ni tó gbọ́ ohun tí wọ́n sọ.

"Háà, Màmá!" ni àkọ́bí wí. "A à mọ̀ o! Ẹ̀rọ burúkú gbáà ni. Ẹ má bínú."

Nọ́ọ̀sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Àánú ọmọ rẹ̀ tiẹ̀ fẹ́ ṣe ìyá. Ó ti la ẹnu láti sọ pé kò burú, ló bá rí ara rẹ̀ nísàlẹ̀ lójú ògiri níbẹ̀. Ó rí ẹnu ara rẹ̀ tó là sílẹ̀. Ó pa á dé. Ó yíjú sí àbíkẹ́yìn.

"O ní ohùn lọ́tọ̀, àwòrán lọ́tọ̀. Lọ́jọ́ náà, ṣé o pa àwòrán mi?"

"Rárá, mà. Ohùn nìkan."

"Àkọ́bí mi, nígbà tí o bi mí léèrè, tí mò ń dáhùn, kí lo rí?"

Àkọ́bí wúkọ́. "Màmá, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọjọ́ náà ò fi bẹ́ẹ̀..."

"Mi ò bi ọ́ ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Kí lo rí?"

Nọ́ọ̀sì ló dáhùn. "A rí yín, Màmá. Ẹnu yín ń mì. Ẹ ń na ìka. Ó pẹ́ díẹ̀."

"O rí mi. Kí ló dé tí o ò sọ pé, 'Màmá, a ò gbọ́ yín'?"

"Mo fẹ́ sọ ọ́. Mo rò pé Bọ̀dá á sọ."

"Ìwọ Bọ̀dá ńkọ́? O ní ẹ ti gbọ́. Kí lo gbọ́?"

Àkọ́bí ò gbójú sókè. "Màmá, kò sí ohun tí a fẹ́ gbọ́ mọ́. A mọ ohun tí ẹ máa sọ."

Ìyá fa àga kan, ó sì jókòó wàyí. Ìbínú tó gbé wá láti ilé, lórí ẹ̀rọ ló ti ń dà á sí látàárọ̀, ẹ̀rọ ò sì mọwọ́ mẹsẹ̀. Kò pariwo mọ́. "Wọn kì í fárí lẹ́yìn olórí," ló wí. "Ẹ̀yin ò tiẹ̀ fá a lẹ́yìn mi. Mo jókòó síbẹ̀, ẹ ń wò mí, ẹ fá a. Ṣé ẹ ń gbọ́ mi dáadáa báyìí?"

"A ń gbọ́ yín, Màmá."

"Mi ò gbà. Kí kálukú sọ ohun tó gbọ́ fún mi."

"Ẹ ní ẹ ò gbà," ni àbíkẹ́yìn wí.

"Ẹ ò gbà, Màmá," ni Nọ́ọ̀sì wí, omi ti gba ojú rẹ̀.

Ó ku àkọ́bí. Ìyá ń wò ó lára ògiri, ó ń dúró. Àkọ́bí ní, "Mo ti gbọ́. Ẹ ò gbà. Màá pe ọkùnrin náà tó bá dọwọ́ ìrọ̀lẹ́."

"Pè é báyìí, kí n máa gbọ́."

Ó gbé fóònù mìíràn, ó pè é lójú gbogbo wọn, ó sọ fún un pé ilé kò sí ní títà mọ́, pé ìyá àwọn kò fọwọ́ sí i, kò sì fọwọ́ sí i rí. Ọkùnrin náà fi ohùn líle dá a lóhùn, wọ́n sì ń gbọ́ ọ. Ìyá ní kó bẹ̀ ẹ́, ó sì bẹ̀ ẹ́.

"Màmá," ni Nọ́ọ̀sì ń sunkún wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì wá."

Ìyá dìde, ó gbọn ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀. "Tìtorí ilé mi ni mo ṣe wá," ló wí. "Èyí tí ẹ ń bẹ̀ mí sí yẹn, mi ò tíì débẹ̀." Ó ní kí àbíkẹ́yìn pa ẹ̀rọ náà.